Òǹkọ̀wé orin tó fẹ́ dá kọrin: èwo ni kó fún ẹlòmíràn, èwo ni kó fi pamọ́?

Akéwì_Orí_Dùùrù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ orin. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹni tó ti ń kọ orin fún àwọn akọrin mìíràn, tí méjì-mẹ́ta nínú orin náà ti gbòde, tó wá fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ ṣe àwo. Ohun mẹ́ta ló ń rú mi lójú. Orin tó ti fún ẹlòmíràn, ṣé ó ṣì lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, àbí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn? Démò tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn akọrin ńlá, báwo ló ṣe yẹ kó rí? Tó bá sì ní orin 40 nílẹ̀, kí ni yóò fi mọ èyí tí yóò gbé fún wọn àti èyí tí yóò dá dúró fún àwo tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, "Ọlọ́run á ṣe é" nìkan kọ́ ni mo ń wá o. Iye, ìlànà, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹ bá mi sọ.

Ìwé_Ló_Mọ̀_Ọ́n:

Àbúrò, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Orin kan, dúkìá méjì ni. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn rẹ̀, ìyẹn ohun tí èèyàn lè fi gìtá kan ṣoṣo kọ tí a ó sì dá a mọ̀, ti òǹkọ̀wé ni. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, tí a ń pè ní master, ti ẹni tó náwó sí i ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo. Akọrin tó sọ orin rẹ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kò tipa bẹ́ẹ̀ gba orin náà lọ́wọ́ rẹ. Master rẹ̀ ni o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: má gé ìlù rẹ̀ lò, má gbé ohùn agberin wọn sínú tìrẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o lè wọ sítúdíò lọ́la kí o kọ ọ́ bó ṣe wù ọ́, àfi tí o bá ti fọwọ́ sí ìwé pé o kò ní ṣe é.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wà dáadáa. Ilé-iṣẹ́ akọrin náà lè ní kí o má gbé tìrẹ jáde títí oṣù 6 tàbí 12 yóò fi kọjá lẹ́yìn tiwọn. Kò burú, ṣùgbọ́n rí i pé ọjọ́ tí yóò tán wà nínú rẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n fi kún un pé bí tiwọn kò bá jáde láàárín ọdún kan, ìdè náà já.

Ohun tí o kò ní rí gbà padà ni ìgbà àkọ́kọ́. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé ló ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá ti jáde sí gbangba, ẹnikẹ́ni lè tún un kọ láìtọrọ àyè, bó bá ti fi ìwé tó o létí, tó sì ń san iye tí òfin là sílẹ̀. Fún orin tí kò kọjá ìṣẹ́jú 5, iye yẹn jẹ́ 9.1 sẹ́ǹtì lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti 2006 títí di 2022, ó di 12 sẹ́ǹtì ní 2023, ó sì ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Kò gbọdọ̀ yí ìpìlẹ̀ ohùn orin náà padà o, àṣẹ yẹn ò sì kan lílò ó nínú fíìmù. Nítorí náà, orin tí o bá mọ̀ pé òun ni yóò gbé àwo rẹ ró, tí o sì fẹ́ kí ayé kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, má jẹ́ kó jáde kúrò nílé.

Wàyí o, split sheet, ìyẹn ìwé ìpín. Kí ẹ tó dìde nínú yàrá tí ẹ ti kọ orin ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Orúkọ tí ìjọba mọ olúkúlùkù sí (kì í ṣe ìnagijẹ), nọ́ńbà IPI rẹ̀ (èyí tí àwọn ẹgbẹ́ agbowó-orin fi ń dá òǹkọ̀wé mọ̀), ẹgbẹ́ agbowó-orin tó wà, publisher rẹ̀ (ilé-iṣẹ́ tó ń bá òǹkọ̀wé bójú tó orin rẹ̀ tó sì ń gba owó rẹ̀) bó bá ní, ìdá tó jẹ́ tirẹ̀, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ má kọ 33.33 lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnì kan gba 33.34. Bí ìwé kankan kò bá sí, òfin Amẹ́ríkà máa ń wo àwọn tó jọ kọ orin bí ẹni tó ní ìpín dọ́gba-dọ́gba, ẹni tó mú ègbè wá àti ẹni tó mú ẹsẹ kan wá. Níbẹ̀ náà, ọ̀kan nínú yín lè dá fún ẹlòmíràn láyè láti lo orin náà, bó bá ti lè pín owó fún ẹ̀yin tó kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: gbogbo yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń bá àwọn ará ìlú méjèèjì kọ orin, kó kọ ọ́ sínú ìwé bí wọn yóò ṣe máa ṣe é.

Àṣìṣe kan tó ń dá owó dúró: àwọn ẹgbẹ́ kan ń ka apá òǹkọ̀wé sí 100, wọ́n tún ń ka apá publisher sí 100, kó di 200, àwọn mìíràn ń ka méjèèjì pọ̀ sí 100. Ẹnì kan á kọ 50, ẹnì kejì á kọ 25 fún ìpín kan náà, ìforúkọsílẹ̀ méjèèjì á ta kora, owó á sì jókòó síbẹ̀. Ẹ fi ìwé ìpín kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́.

Kí n tó lọ: rédíò AM àti FM ní Amẹ́ríkà ń sanwó fún òǹkọ̀wé àti publisher, kì í san fún ẹni tó kọrin. Akọrin tí gbogbo ayé mọ̀ lè má gba kọ́bọ̀ lórí orin tí ìwọ tí wọn ò mọ̀ ń gbowó lé. Ti rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì ni SoundExchange, ẹgbẹ́ tó ń gba owó master níbẹ̀, ń pín: ìdá 50 fún ẹni tó ni master, 45 fún akọrin, 5 fún àwọn agberin àti onílù. Bí o bá dá kọrin, tí o sì ni master rẹ, ojú ọ̀nà mẹ́ta lowó ń gbà wọlé fún ọ.

Etí_Sítúdíò:

Ẹ ṣé, ọ̀gá wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti démò.

Démò tí o fẹ́ gbé fún akọrin àti démò fún àwo tìrẹ kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ tó sì wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi ọ̀kan ṣe méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, kí akọrin náà lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ. Gbọ́ orin márùn-ún tó gbé jáde kẹ́yìn. Kọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù sílẹ̀, kọ ibi tó ti ń pariwo láìfi ọ̀fun ṣe wàhálà. Gbé òkè ègbè rẹ sí ibi kejì yẹn gan-an. Ọkùnrin tó ń kọ fún obìnrin sábà máa ní láti gbé kíì (ibi tí ohùn orin dúró lé) sókè sémítóònù (ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) 3 sí 5; bí ọ̀fun rẹ kò bá dé ibẹ̀, wá ẹni tó lè kọ ọ́, kí o sì sanwó fún un. Má fi kọ̀ǹpútà fa ohùn tó ti parí sókè ju sémítóònù 2 lọ. Ohùn ọmọdé ni yóò máa dún, ẹni tó ń gbọ́ kò ní gbọ́ orin mọ́, àléébù yẹn ni yóò máa gbọ́.

Ìfáárà kó má kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ègbè kó ti wọlé kí ìṣẹ́jú-àáyá 50 tó pé. Gbogbo orin, láàárín ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ sí 3 àti díẹ̀. Ẹni tó ń yan orin fún akọrin ń gbọ́ ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ kan, ibi tó bá ti sú u ló ti ń fò ó. Ohùn lílé kó wà níwájú, kí ó gbẹ, kí ọ̀rọ̀ yéni. Ẹ̀dà ohùn méjì lórí ègbè tó. Gbogbo dídárà, gbígbọ̀n àti yíyí ohùn tí o mọ̀ ọ́n ṣe, fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí méjì ni: bí wọ́n bá pọ̀, akọrin á rò pé orin náà ti ní ẹni tó ni ín, bí wọ́n bá sì dùn, yóò kó wọn lọ ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nígbà tí àwo tìrẹ bá dé, ìwọ ni wọn yóò máa sọ pé o ń fara wé e.

MP3 320 ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin nínú ìwé kan. Orúkọ fáìlì: àkọlé, BPM (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan), kíì. Kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà fóònù sínú fáìlì fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ òde máa ń yí padà bó ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. WAV 24-bit àti ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ìgbà tí ìwé bá ti wà. Tó bá wá kan fífi wọ́n ránṣẹ́, jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti odo, àní èyí tí kò dún títí di ìṣẹ́jú kejì, kí òkè wọn má sì kọjá −6 dB. Ọ̀pọ̀ ń gé òfìfo iwájú kúrò láti dín fáìlì kù, ẹni tó gbà á á wá máa fi ojú wá ibi tí agberin ti yẹ kó wọlé.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní ohùn: nínú orin òde òní, ohùn agberin tó wà nínú démò sábà máa ń wà nínú èyí tó jáde gan-an, nítorí ó ti dùn, kò sì sí ìdí láti tún un ṣe. Ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́ òǹkọ̀wé, o ti di akọrin lórí master wọn. Kí o tó fi ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹ bá lo ohùn mi, iye báyìí lẹ ó san, orúkọ mi á wà nínú àwọn tó kọrin. Lẹ́yìn tí orin bá ti jáde, ọ̀rọ̀ yẹn ti di ẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni hold. Wọ́n á ní "bá wa dá orin yìí dúró, má fún ẹlòmíràn." Ẹnu lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sanwó, wọ́n sì lè pa á tì síbẹ̀ fún ọdún méjì. Béèrè ọjọ́: 60, kó pọ̀ jù 90. Ní ọjọ́ karùndínláàádọ́rùn-ún, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ìdáhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, orin ti di tìrẹ padà, kọ ìyẹn náà ránṣẹ́ sí wọn.

Àwo_Inú_Àjà:

Ìbéèrè kẹta ni tèmi, torí àwọn àwo tó ti wà nílẹ̀ dáhùn rẹ̀ ju ìmọ̀ràn lọ.

Carole King, òǹkọ̀wé orin ará Amẹ́ríkà, ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun àti Gerry Goffin, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, kọ "Will You Love Me Tomorrow" tí àwọn Shirelles, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin, gbé dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1961. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lójú àwo. Àwo àdákọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Writer, jáde ní 1970, kò sì rìn jìnnà. Tapestry dé ní 1971, ó lo ọ̀sẹ̀ 15 ní ipò kìíní, ó sì gba Grammy mẹ́rin ní 1972 láàárín ti òun àti orin inú rẹ̀. Orin 12 ló wà nínú rẹ̀. Méjì péré nínú wọn ni àwọn ẹlòmíràn ti sọ di olókìkí ṣáájú: ti Shirelles yẹn, àti èyí tí Aretha Franklin kọ ní 1967. Kò gbìyànjú láti kọ wọ́n bí àwọn tó ni wọ́n. Ó fa ti Shirelles lọ́ra, ó yọ gbogbo fáólìnì kúrò, ó fi dùùrù síwájú, ọ̀rọ̀ tí ọmọdébìnrin ń sọ wá di ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Ìlànà tí mo rí níbẹ̀ ni pé orin àtijọ́ kan tàbí méjì nínú àwo tó, kó sì ní ìtumọ̀ tuntun lẹ́nu rẹ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwo rẹ á dà bí àkójọ démò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn àwo yẹn nìyí: "You've Got a Friend" wà nínú rẹ̀, James Taylor náà sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kan náà, tirẹ̀ ló dé ipò kìíní. Grammy orin tó dára jù lọ lọ́dún náà jẹ́ ti òǹkọ̀wé, King ló sì gbà á. Ó fún ẹlòmíràn, ó tún fi pamọ́, àwo kò sì ṣe àwo lọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ń rò pé yíyan kan ni kí á fún wọn tàbí kí á má fún wọn, kó tún ibẹ̀ wò.

Ìdàkejì rẹ̀ ni Sia, òǹkọ̀wé àti akọrin ará Ọsirélíà. Àwọn orin tó kọ fún ẹlòmíràn tí wọn ò gbà ló pọ̀ jù nínú This Is Acting ti 2016, orúkọ àwo náà gan-an sì ń fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Orin tí wọ́n bá dá padà kì í ṣe èérún. Nígbà mìíràn, kíì ni kò bá wọn mu, tàbí àwo wọn ti kún. Kó o tó jù ú nù, sọ ọ́ kalẹ̀ sí kíì tìrẹ, yọ ìlù kúrò, kọ ọ́ pẹ̀lú ohun èlò kan. Bí ó bá ṣì dúró, orin ni.

Báyìí ni mo ṣe máa pín 40 yẹn. Mú èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní bá ẹnu ẹlòmíràn mu rárá sí apá kan, nítorí orúkọ, ìṣẹ̀lẹ̀ tàbí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tó jẹ́ tìrẹ nìkan. Wọn kì í sábà ju mẹ́jọ lọ, àwọn ni òpó àwo rẹ. Èyí tó ní ègbè tó lágbára ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè sọ, gbé wọn fún àwọn akọrin, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àárín ló ṣòro. Àwọn yẹn ni kí o fi hold ọjọ́ 60 dán wò.

Títà pátápátá ńkọ́? Willie Nelson ta orin kan ní 50 dọ́là nígbà tí ebi ń lé e, orin náà wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin country ti Amẹ́ríkà ní 1960 láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Dolly Parton ní tirẹ̀ kọ̀ nígbà tí Colonel Parker tó ń ṣàkóso Elvis béèrè ìdajì publishing (apá publisher nínú owó orin) "I Will Always Love You" kí Elvis tó kọ ọ́. Elvis kò kọ ọ́. Orin ti 1974 yẹn ni Whitney Houston gbé jáde ní 1992, ó lo ọ̀sẹ̀ 14 ní ipò kìíní, gbogbo publishing rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Dolly.

Akéwì_Orí_Dùùrù:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gá Ìwé, gbólóhùn kan ń dààmú mi nínú ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ àwo: "controlled composition", ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, orin 10. Kí ni ó ń ṣe fún ẹni tó ń kọ orin ara rẹ̀? Àti pé bí ó bá ti ní publisher tó fún un ní owó ìṣáájú, ṣé àwo tirẹ̀ wọ inú orin tó jẹ wọ́n?

Ìwé_Ló_Mọ̀_Ọ́n:

Gbólóhùn yẹn, ẹni tó ń kọrin tó tún ń kọ ọ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ilé-iṣẹ́ ń sọ pé orin tí ìwọ fúnra rẹ bá kọ, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye òfin làwọn ó san, àti pé lórí àwo kan, àwọn ò ní san ju ti orin 10 lọ. Fi 12 sẹ́ǹtì ṣírò rẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 9. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, 90 sẹ́ǹtì ni gbogbo owó orin tó wà lórí ẹ̀dà àwo kan. O wá ṣe àwo orin 13: o dá kọ 10, mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ará ìta tí kò sí nínú àdéhùn rẹ, tí wọ́n sì ń gba 12 wọn pé. 36 ti lọ. 54 ló kù fún orin mẹ́wàá tìrẹ, 5.4 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, dípò 12. Lórí ẹ̀dà 10,000, 6,600 dọ́là ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí orin ará ìta bá tún pọ̀ sí i, ìwọ lè wá jẹ wọ́n ní gbèsè lórí orin ara rẹ.

Ohun tí agbẹjọ́rò rẹ yóò béèrè: iye òfin pé, tàbí kí 10 di 13, kí orin ará ìta má jẹ nínú ìpín rẹ. Àwo tí a ń fọwọ́ mú ni ó kàn, CD àti fáínìlì. Kì í dín owó tí gbígbọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú wá fún òǹkọ̀wé kù.

Yí i padà báyìí: nígbà tí ìwọ bá ń bá akọrin ńlá kọ orin, ó ti ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé gbogbo orin tó bá bá ẹlòmíràn kọ yóò gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òun ló ṣèlérí, ìwọ kọ́. O lè kọ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé kún ìwé lọ́jọ́ tí orin ń jáde kí o fi wá buwọ́ lù ú láìkà á.

Ti publisher: àdéhùn tó wọ́pọ̀ fún irú ẹni tí ò ń sọ ni èyí tí wọ́n ti ń pín apá publisher sí méjì. Ìdajì òǹkọ̀wé jẹ́ tìrẹ pátá, ìdajì apá publisher tún jẹ́ tìrẹ, kó di 75 sí 25. Èyí tí wọ́n ti ń bá ọ ṣàkóso nìkan, ìdá 10 sí 20 ni wọ́n ń gbà, owó ìṣáájú rẹ̀ sì kéré. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á béèrè iye orin lọ́dún, ká ní 10. Odidi orin ni wọ́n ń kà: ìpín 50 jẹ́ ààbọ̀ orin, ìyẹn ni pé tí o bá ń bá ẹnì kan kọ gbogbo wọn, 20 ni o jẹ wọ́n. Èyí tó bá jáde nìkan ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ. Àwo tí o dá kọ orin 10 inú rẹ̀ lè san gbèsè ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ka ìtumọ̀ "jíjáde" nínú ìwé náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ilé-iṣẹ́ àwo ńlá nìkan. Bí ìwọ bá gbé e jáde fúnra rẹ, odo ni.

Mo tún fi kún ọ̀rọ̀ Àwo_Inú_Àjà: ohun tí òǹkọ̀wé bá fi ìwé gbé fún ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà láti 1978 wá, ó lè gbà á padà lẹ́yìn ọdún 35, bó bá fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ láàárín ọdún 10 sí ọdún 2 ṣáájú ọjọ́ tí ó mú. Iṣẹ́ tí o ṣe lábẹ́ ìwé "work made for hire" (iṣẹ́ tí òfin kà sí ti ẹni tó gbé e fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀) kò sí nínú rẹ̀. Wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn nínú ìwé kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Etí_Sítúdíò:

Kékeré kan tó kù. Nígbà tí o bá tún orin tí o ti fún ẹlòmíràn kọ, master tìrẹ gba ISRC (nọ́ńbà ìdámọ̀ master) tuntun, ṣùgbọ́n ISWC (nọ́ńbà ìdámọ̀ orin tí a kọ sílẹ̀) rẹ̀ kò yí padà. Má forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí orin tuntun lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbowó-orin, àní bí o bá yí àkọlé rẹ̀ díẹ̀. Orin méjì tó ní òǹkọ̀wé kan náà àti àkọlé tó jọra máa ń dá kọ̀ǹpútà wọn rú, owó ọ̀kan á máa wọ orúkọ èkejì. Fi ISRC tuntun kún ìforúkọsílẹ̀ tó ti wà, kí o sì ṣe é kí àwo tó jáde.